Kíkó katapílà àti kírọ́ṣà láti kúárì kan sí òmíràn: ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AyìnláKúárì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òṣogbo ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ní kúárì kékeré kan lọ́nà Ìkirun. Òkúta ibẹ̀ ti ń tán lọ. Ọ̀gá mi ti gba ilẹ̀ tuntun lẹ́yìn Iléṣà, ní apá Àtàkúnmọ̀sà, gbogbo ẹ̀rọ ló sì gbọ́dọ̀ kó lọ síbẹ̀: ẹsikafétọ̀ tó ń walẹ̀ méjì (ọ̀kan tó bíi tọ́ọ̀nù 20, èkejì tó 36), katapílà D8 kan tó ń fi bíléèdì iwájú rẹ̀ ti ilẹ̀, pélódà onítáyà tó ń kó òkúta, kírọ́ṣà tó ń fọ́ òkúta pẹ̀lú asẹ́ àti bẹ́líìtì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, àti kọ̀nténà tí a fi ṣe ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Onílóbẹ́ẹ̀dì méjì, àwọn tó ní ọkọ̀ gígùn tí a fi ń kó ẹ̀rọ ńlá, ti dá iye. Ti ẹnì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀gá ní kí n mú ẹni tó dínwó, kí a kó gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Kí ni kí n bi onílóbẹ́ẹ̀dì kí n tó sanwó?

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Ayìnlá, kú iṣẹ́. Fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ti rin ọ̀nà náà dé ibi tí ẹ̀rọ yóò balẹ̀ sí? Bí kò bá sí, iye tí wọ́n dá kì í ṣe iye. Ẹni tó dínwó yẹn á dé ẹnu ọ̀nà oko, á wo kọ́fátì (afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá), á ní òun ò wọlé mọ́. Ẹ̀yin á wá máa ná owó tuntun lẹ́bàá títì, katapílà á sì wà lórí ọkọ̀.

Ọ̀dà ni láti Òṣogbo dé Iléṣà, ìyẹn ò le púpọ̀. Ibi tí owó wà ni ibi tí ẹ ti máa kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Mú tépù lọ síbẹ̀. Wọn ọ̀nà níbi tó ti fún jù. Wọn gbogbo kọ́nà, torí lóbẹ́ẹ̀dì gùn, ìdí rẹ̀ kì í tọ ibi tí orí rẹ̀ gbà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti yọ gẹ́gẹ́ sókè lójijì, sàmì sí i: ikùn lóbẹ́ẹ̀dì sún mọ́lẹ̀, á jókòó síbẹ̀, táyà á kàn máa yí ni.

Ṣírò ìwúwo náà. Ẹsikafétọ̀ tọ́ọ̀nù 36 kì í dá rìn. Lóbẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20, orí ọkọ̀ tó ń fà á lè tó 9 tàbí 10. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ á wà ní bèbè tọ́ọ̀nù 60 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Kọ́fátì tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ akẹ́rù kòkó lè kọjá, ṣé òun ló máa gbé tọ́ọ̀nù 60?

OwóLaFiŃṣeOge

Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú. Iléṣà sí Òṣogbo ò jìnnà. Pélódà ní táyà, ẹsikafétọ̀ ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kàn ní wà wọ́n lọ lóru nígbà tí ọ̀nà bá dá? Lóbẹ́ẹ̀dì kírọ́ṣà nìkan ni wọ́n á sanwó fún.

MẹkáníìkìOlóòótọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á nímọ̀ràn yẹn.

Ẹsikafétọ̀ ń rìn bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìrìn-àjò. Ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀, róla, pín-ìnnì àti búṣì inú wọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé e láti ibi tó ti ń walẹ̀ dé ibi kejì nínú kúárì. Bí ẹ bá fi wọ́n rin kìlómítà 30 sí 40 lórí ọ̀dà gbígbóná, ẹ̀ ń lọ̀ wọ́n ni. Owó tí ẹ̀rọ onírin-ẹsẹ̀ máa ń gbà fún àtúnṣe láyé rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ nìkan lè tó ìdajì. Mọ́tò haidirọ́líkì tó ń yí ẹsẹ̀ náà á gbóná débi pé síìlì inú rẹ̀ á jó. Ọ̀dà tí irin yẹn bá sì gé, ta ni yóò san án?

Pélódà yàtọ̀ díẹ̀. A lè wà á lọ sí ibi tó sún mọ́. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ nípọn, iṣẹ́ inú òkúta ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe eré ojú títì. Tó bá sáré jìnnà, ooru inú táyà ò ráyè jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti inú. Èmi á gbé e sórí ọkọ̀. Èyí tó kéré jù nínú ìnáwó náà ni.

OwóLaFiŃṣeOge

Ó dáa, mo gbọ́ ti ẹsikafétọ̀. Ti pélódà, èmi ò tíì gbà o. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wà á láti ìlú kan sí èkejì, wọ́n ń dúró lọ́nà kí táyà tutù, kò sì sí nǹkan tó ṣe.

MẹkáníìkìOlóòótọ́

Ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n fi ra táyà tuntun lẹ́yìn náà.

ÌyáRìsíìtì

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé, torí ìwé ló máa ń dá ọkọ̀ dúró ju táyà lọ.

Ayìnlá ọmọ mi, ṣé líìsì kúárì (ìwé àṣẹ láti wa òkúta) ilẹ̀ tuntun náà ti jáde lórúkọ ọ̀gá yín, àbí ẹnu ni wọ́n fi sọ pé wọ́n ti gbà á? Lábẹ́ òfin ìwakùsà ti 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, ọ́fíìsì Mining Cadastre ní Àbújá ló sì ń fúnni ní ìwé rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni líìsì kúárì fi ń ṣiṣẹ́ kí a tó tún un ṣe. Ti ilẹ̀ àtijọ́ kì í tẹ̀lé ẹ̀rọ lọ sí ilẹ̀ tuntun. Ìwé àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká náà wà níbẹ̀, àti ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣáájú ìwé. Katapílà tó bá ti balẹ̀ láìsí ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè tì í mọ́bẹ̀, owó ìdúró á sì máa gùn.

Ohun kejì: ẹ̀tù tí ẹ fi ń fọ́ òkúta. Kò gbọdọ̀ bá ẹ̀rọ kankan rìn, kì báà ṣe páálí kan, kì báà ṣe okùn rẹ̀ tó kù nílẹ̀ kọ̀nténà. Ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ọlọ́pàá ló ń tẹ̀lé e, ilé tí yóò wọ̀ sí lọ́hùn-ún sì gbọ́dọ̀ ti ní àṣẹ. Bí èyí tó kù lọ́wọ́ yín bá kéré, ẹ lò ó tán níbí kí ẹ tó kó. Ẹ yẹ kọ̀nténà mẹkáníìkì yẹn wò dáadáa, mo mọ bí àwọn ọmọ ṣe máa ń tọ́jú nǹkan.

Ẹ̀kẹta, insọ́ránsì. Èyí tó wà lórí orí ọkọ̀ kì í bo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn. Insọ́ránsì ẹrù tó ń lọ lójú ọ̀nà lọ́tọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú onílóbẹ́ẹ̀dì pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ di ẹrù ọrùn rẹ̀: ṣé láti ìgbà tí ṣéènì bá ti kan pákó ìgòkè ni, àbí ìgbà tí wọ́n bá dè é tán? Ìgbà tí ẹ̀rọ ń gòkè gan-an ló máa ń yí dànù. Tí ìwé ò bá sọ̀rọ̀ ibẹ̀, onílóbẹ́ẹ̀dì á ní ọ́párétọ̀ yín ló wà á, ọ́párétọ̀ á ní pákó ọkọ̀ ló yẹ̀.

AyìnláKúárì

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Líìsì ti jáde, mo ti fojú mi rí i. Àdéhùn pẹ̀lú ìlú ni mi ò dá lójú. Mo máa béèrè lọ́la.

ỌmọÌjẹ̀ṣà

Béèrè rẹ̀ lónìí. Àgbègbè yẹn ni mo ti wá. Ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ni, ẹ ti gbọ́ Ìtagúnmodi, ẹ ti gbọ́ Ìpérindó. Ibi ìwakùsà wúrà Ségilọlá ní ìwé, láti 2021 ni wúrà ti ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn ò ní ìwé kankan, tí wọ́n ń tú ẹ̀bá odò kiri, tí omi Ọ̀ṣun fi ń pọ́n kuku dé Òṣogbo níbẹ̀ yẹn. Nítorí náà bí àwọn èèyàn wa bá rí ẹsikafétọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń ya wọ inú igbó, wọn ò ní béèrè bóyá òkúta lẹ wá fọ́. Wúrà ni wọ́n á rò.

Ẹ lọ kí baálẹ̀ àti ọba ṣáájú, ẹ mú ẹ̀dà ìwé dání, kí wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń bọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé òkúta ni. Kòkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko wọ̀nyẹn. Tí ẹ bá máa fẹ ọ̀nà, ẹ ka igi kòkó olúkúlùkù níṣojú ẹni tó ni ín, kí ẹ sanwó rẹ̀ kí katapílà tó dé. Igi kòkó tí wọ́n ti wó tẹ́lẹ̀ kì í ní iye mọ́. Gbogbo rẹ̀ á ti di èyí tó ń so jù nínú oko.

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Òótọ́ pọ́ńbélé.

OníWáyàIná

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, mi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ wáyà, òun sì ni ikú ibẹ̀.

Pèpéle lóbẹ́ẹ̀dì ga tó bíi mítà kan sílẹ̀. Ẹsikafétọ̀ tí wọ́n ká apá rẹ̀ mọ́ra ga ju mítà 3 lọ. Nígbà tó bá gòkè tán, ẹ ti wà ní mítà 4 àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo wáyà tó rọ̀ wálẹ̀ láàárín Òṣogbo, pàápàá èyí tí àwọn èèyàn fà láti òpó kan sọdá títì sí ilé wọn. Ẹ wo ti 11 kV àti 33 kV, wáyà iná tó lágbára púpọ̀, tó sọdá ọ̀nà oko. Ẹni tó ń rin ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ibi tí wáyà ti sọdá sílẹ̀, kó sì mú àwòrán rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀pá irin wọn gíga wáyà o! Ẹ pe IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì pa iná ibi tó bá yẹ lọ́jọ́ náà.

Mo ti rí i tí ọmọ ọkọ̀ gun orí katapílà, tó fi igi tútù ti wáyà sókè kí ọkọ̀ lè kọjá. Igi tútù ń gbé iná. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi adúrà ṣe.

Òṣogbo ni ilé ìṣàkóso iná gbogbo Nàìjíríà wà, nítorí náà wáyà ńlá 330 kV àti 132 kV pọ̀ lágbègbè wa. Wọ́n ga, ọkọ̀ á kọjá lábẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ má sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ lábẹ́ wọn, ẹ má nà apá ẹsikafétọ̀ tàbí ti kiréènì níbẹ̀. Iná yẹn ò nílò kí irin fọwọ́ kàn án kó tó fò.

Afárá òkè Ọláìyá náà ńkọ́? Bí ẹ bá máa gba abẹ́ rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni sọ, títí kan èmi.

TóríReluwé

Kí ló dé tí kò sí ẹni tó ń dárúkọ ọkọ̀ ojú irin? Láti 1907 ni reluwé ti dé Òṣogbo. Nílẹ̀ òkèèrè, irin ni wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ ńlá.

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Ọ̀rẹ́ mi, irin yẹn gba Ìkirun lọ sí Ọ̀ffà, kò ya sí Iléṣà. Ẹ máa gbé katapílà sórí reluwé, ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ máa tún wá lóbẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa sanwó ìgbékalẹ̀.

Onímọ̀Kọnkéré

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá sọ. Ayìnlá, ṣé wọ́n ti da ìpìlẹ̀ kírọ́ṣà sílẹ̀ níbi tuntun?

AyìnláKúárì

Rárá o. Wọ́n ní tí kírọ́ṣà bá dé, wọ́n á dà á.

Onímọ̀Kọnkéré

Níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan ti bàjẹ́. Kọnkéré máa ń gba ọjọ́ 28 kó tó ní agbára tí a ṣírò fún un. Lọ́jọ́ keje, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ní, ó sì sinmi lórí sìmẹ́ǹtì àti bí wọ́n ṣe bomi rin ín. Kírọ́ṣà kì í ṣe ilé tó dúró jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń jẹ òkúta ló ń gbọn ìpìlẹ̀. Ẹ gbé e lé kọnkéré tútù, bóòtù á máa tú, igun á sán, bẹ́líìtì á máa sá kúrò lójú ọ̀nà, gbogbo ọdún lẹ ó fi máa tún un ṣe.

Nítorí náà kírọ́ṣà ló ń kẹ́yìn, kì í ṣe torí pé ó wúwo. Ẹ jẹ́ kó máa fọ́ òkúta níbí títí ìpìlẹ̀ ọ̀hún yóò fi gbó. Ẹ kó òkúta fífọ́ jọ fún oníbàárà yín, kí wọ́n máa rí rà ní àkókò tí ẹ ò ní lè fọ́. Ọ̀gá tó bá rí i pé títà ò dúró, á fara balẹ̀.

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nípa èyí tó ṣáájú nìyẹn, Ayìnlá. D8 ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹsikafétọ̀ kékeré tẹ̀lé e. Lóbẹ́ẹ̀dì á gbé wọn dé etí ọ̀dà nìkan. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé, wọ́n á máa fẹ ọ̀nà, wọ́n á gé òkè tó lè há ikùn ọkọ̀, wọ́n á ti àfọ́kù òkúta sínú ibi tó rọ̀. Tí ọ̀nà bá ti dúró, ẹsikafétọ̀ ńlá àti pélódà á wọlé lórí ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti kọ̀nténà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, kírọ́ṣà.

Kọ́fátì tí ò bá lè gbé ẹrù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ya ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí odò bá gbẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe é kí òjò tó le. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, ilẹ̀ pupa yẹn á di ẹ̀bà. Ẹ yẹra fún oṣù kẹjọ pẹ̀lú, torí ọdún Ọ̀ṣun. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé nǹkan tó fẹ̀ mítà 4 la àárín Òṣogbo kọjá ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

MẹkáníìkìOlóòótọ́

Bàbá, mítà 4 yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Bíléèdì D8 ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ara katapílà fúnra rẹ̀ ò ju bíi mítà 3 lọ. Ẹ yọ bíléèdì, kí ẹ gbé e lọ́tọ̀.

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Kí n yọ ọ́ níbí pẹ̀lú kiréènì, kí n tún wá kiréènì nínú igbó láti dá a padà? Mo máa gbé e bó ṣe wà, pẹ̀lú ọkọ̀ aṣíwájú, àsíá pupa, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a ti kàn sí ṣáájú. Àárọ̀ kùtù, kì í ṣe òru.

MẹkáníìkìOlóòótọ́

Ẹsikafétọ̀ yín tó wà níbẹ̀ lè gbé bíléèdì náà, kò nílò kiréènì. Bí ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ bá fi imú ọkọ̀ rẹ̀ gbá etí bíléèdì, ẹ̀jẹ̀ ló máa dà.

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Tí ẹsikafétọ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo gbà. Ṣùgbọ́n D8 lo gbọ́ pé ó ń ṣáájú. Ta ló máa dúró dè é lọ́hùn-ún láti gbé bíléèdì sí i?

MẹkáníìkìOlóòótọ́

Ẹ jẹ́ kí ẹsikafétọ̀ kékeré bá a dé lọ́jọ́ kan náà. Ayìnlá ni yóò yàn. Jẹ́ kí n sọ ti dídè àti pípalẹ̀mọ́.

Fọ gbogbo ẹ̀rọ kí ó tó gòkè. Ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ ṣéènì ń yọ̀ lórí pákó irin, ó sì ń pa ibi tí ọ́ìlì ti ń jò mọ́. Ya àwòrán ẹ̀rọ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ya mítà wákàtí rẹ̀ náà. Dísẹ́ẹ̀lì inú táǹkì, má jẹ́ kó kún. Lórí ọkọ̀, sọ bàkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sórí pákó igi, ti kọ́kọ́rọ́ tó ń dá orí ẹ̀rọ dúró kó má yí, gé bátìrì. Igun mẹ́rin ni kí ẹ ti fi ṣéènì dè é, bàkẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Okùn lásán tí wọ́n fi ń de àpò ẹ̀fọ́ kò wúlò níbẹ̀ o. Lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dúró kí ẹ tún fún un, torí ṣéènì máa ń dẹ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ẹ bo ẹnu ẹ̀gísọ́ọ̀sì tí èéfín ń gbà jáde. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé lójú títì, ó lè máa yí tọ́bò (èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú tí kò sí ọ́ìlì tó ń lọ síbẹ̀. Ẹ dé ibi tuntun, ẹ tanná sí i, tọ́bò ti jẹ ara rẹ̀.

Kírọ́ṣà: ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo wáyà mọ́tò rẹ̀ àti ibi tó ti kúrò, ẹ má tú u ká kí ẹ tó kọ ọ́. Bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀ ni kí kiréènì ti gbé e, kì í ṣe ìlẹ̀kùn tàbí orí ilé rẹ̀.

ÌyáRìsíìtì

Ẹ fún dírẹ́bà ní fáìlì kan: ìwé ẹ̀rọ, ẹ̀dà líìsì, lẹ́tà tó sọ ibi tó ń lọ àti ohun tó gbé, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Kí ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ náà nínú mọ́tò kékeré. Dírẹ́bà ò gbọdọ̀ máa bá àwọn tó dá ọkọ̀ dúró jiyàn pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 60 lẹ́yìn rẹ̀. Owó tí ẹ bá sì san lọ́nà, ẹ gba rìsíìtì.

OwóLaFiŃṣeOge

Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ńkọ́, mà? 😄

ÌyáRìsíìtì

Òun náà. Kó kọ ọ́ sórí bébà.

AyìnláKúárì

Ẹ kú àbò, gbogbo yín. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó bínú díẹ̀ nípa ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé a ṣì máa tà níbí ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ní kí wọ́n lọ da ìpìlẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ ìlú lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á jọ lọ kí baálẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo pe àwọn onílóbẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó dínwó ní òun ò ráyè rin ọ̀nà, pé gbogbo ọ̀nà lòun mọ̀. Ẹnì kejì ti béèrè ìwúwo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ní a jọ máa lọ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ní òun lè dínwó bí D8 àti ẹsikafétọ̀ kékeré bá sọ̀ kalẹ̀ sí etí ọ̀dà, kóun má wọ inú oko lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni mo máa mú. Bíléèdì, mo máa yọ ọ́.

Bàbá, ibi tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ sí ní etí títì yẹn, kí ni mo máa wá?

BàbáLóbẹ́ẹ̀dì

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, tó gùn ju lóbẹ́ẹ̀dì àti katapílà lọ, tí kò sí lórí kọ́nà, tí ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ lè rí láti òkèèrè. Kò gbọdọ̀ sí gọ́tà lábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí wáyà lókè rẹ̀. Tí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ da àfọ́kù òkúta sí i. Òkúta náà kì í ṣe ohun tó wọ́n yín.

OníWáyàIná

Fi àwòrán àwọn wáyà ránṣẹ́ síbí lálẹ́ Sátidé, kí n bá ẹ wo èyí tó yẹ kí ẹ pe IBEDC sí.